Ọparun Ìdí Ilé Kì í Ṣe Ohun Ọ̀ṣọ́

Mo ti ka ìwé tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ fi ránṣẹ́ sí àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde, mo sì ti dá owó tèmi gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Ìpinnu kan wà nínú rẹ̀ tí n kò lè fọwọ́ sí láìsọ̀rọ̀, èyí nì pé kí a gbin ọparun aláwọ̀ ìyeyè sí ẹ̀bá ilé ìkàwé tuntun àti ilé ibùsùn àwọn ọmọbìnrin, kí ọgbà lè lẹ́wà. Àwọn ìdí ọparun àtijọ́ tí ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, a óò kàn gé wọn bọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún. Èrò tèmi ni pé kí a má gbin tuntun rárá, kí a sì hú ti àtijọ́ tegbòtigàgá.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dun àwọn kan nínú wa. Lábẹ́ ibòji ọparun wọ̀nyẹn ni ọ̀pọ̀ wa ti há ìwé sórí fún ìdánwò. Ìfẹ́ ohun àtijọ́ kò burú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ń sùn nínú ilé náà nísinsìnyí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ rò.

Ọparun kì í ṣe igi, koríko ni. Ẹbí kan náà ni òun, ìrèké, àgbàdo àti ìrẹsì. Ohun tí a ń rí lókè kọ́ ni ọ̀gá. Ọ̀gá wà lábẹ́ ilẹ̀, ìdí líle olójú púpọ̀ tí ó dà bí atalẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì ń kó oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ sí. Nígbà òjò, ojú rẹ̀ a sọ èéhù, èéhù náà a sì yọ jáde pẹ̀lú gbogbo ìsanra tí yóò ní láyé. Láàrin oṣù díẹ̀ ó ti ga tán, ó sì lè ga ju ẹsẹ̀ bàtà 50 lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó gé ọparun tí ó sì padà sílé kò ṣe ju ẹni tí ó gẹ irun orí lọ.

Ọparun ilẹ̀ wa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bambusa vulgaris, kì í sáré kiri. Ojú kan ni ó ń dúró sí, tí ó ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Aláwọ̀ ìyeyè tí a fẹ́ gbìn yìí, irú kan náà ni. Àwọ̀ nìkan ni ó yàtọ̀. Fífẹ̀ díẹ̀díẹ̀ yìí gan-an ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Ní ọdún kẹta, kò tíì kan ògiri. Nígbà tí yóò bá fi kàn án, àwọn tí ó gbìn ín ti kúrò nínú ìgbìmọ̀. Láti kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò.

N kò ní sọ pé ó ń fọ́ kọnkéré tí ó dá ṣáṣá, nítorí kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ògiri bá ti sán tẹ́lẹ̀, ibi tí páìpù bá ti ń jò, ni gbòǹgbò rẹ̀ ń wọ̀, torí pé omi ni ó ń wá. Ewé rẹ̀ ń dí gọ́tà. Bí ìjì bá dé, ọ̀pá rẹ̀ a tẹ̀ wá sórí páànù, a sì máa na wáyà iná. Nígbà ọyẹ́, ewé gbígbẹ ìdí rẹ̀ ti ṣetán fún iná. Ní ti ejò àti eku, àwọn ìyá tí ń dáná fún àwọn ọmọ lè sọ ọ́ jù mí lọ.

Ní ilé àlùfáà kan tí mo gbé, ẹnì kan ti fi ọ̀pá ọparun tútù sọ ọgbà yí ẹ̀yìn ilé ká, kí ewúrẹ́ má baà wọlé. Òjò rọ̀, ọ̀pá hu ewé. Nígbà tí àwa débẹ̀, ó ti di ìdí ọparun mẹ́rin, ọ̀kan sì ti wọ inú sọ́kàwè. (Kí àwọn kọ́lékọ́lé wa kíyè sí i, àwọn tí ń da ọ̀pá tútù sílẹ̀ lẹ́bàá omi nígbà tí iṣẹ́ bá parí.)

Iṣẹ́ híhú yìí kò ju agbára wa lọ, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí a gé gbogbo ọ̀pá rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀, kí a fi dígà àti àáké wú ìdí rẹ̀, kí a sì ṣa gbogbo àfọ́kù tí ó ní ojú. Kí a sá wọn gbẹ lórí kọnkéré kí a tó sun wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má dà wọ́n sódò. Lẹ́bàá ìpìlẹ̀, ọwọ́ ni kí a fi wà á, kì í ṣe katapílà, kí a sì gún iyẹ̀pẹ̀ tí a bá dá padà kí omi má baà dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, kí a máa gé gbogbo èéhù tí ó bá yọ kí ó tó la ewé. Oúnjẹ tí ó fi pamọ́ ni ó fi ń sọ èéhù, ewé ni yóò sì fi dá a padà. Bí a kò bá jẹ́ kí ó ní ewé, yóò tán. Òògùn apakoríko tí a ń pè ní glyphosate lè ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́ bí a bá fi kan ojú kùkùté tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Lẹ́bàá kànga ilé ìwé, n kò fẹ́ rí i.

Mo sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a dẹ́kun fífi gígé ọparun jẹ ọmọ níyà. Èèpo èéhù rẹ̀ ní irun tí ń yún ara, kùkùté tí a gé ní ìdágẹ̀rẹ́ sì mú bí ọ̀kọ̀. Kí a san owó fún àgbàlagbà tí ó mọ iṣẹ́ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, tiyín tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú tí ó wọ́pọ̀ ní ọgbà ilé Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, Phyllostachys, ń sáré lábẹ́ ilẹ̀ gba abẹ́ ọgbà kọjá sí ti aládùúgbò. Ní ìpínlẹ̀ Connecticut, láti ọdún 2013 ni òfin ti sọ pé ẹni tí ó gbìn ín ni yóò san owó híhú rẹ̀ bí ó bá kọjá ààlà.

Ọparun tí ó wà lẹ́bàá odò, lẹ́yìn pápá ìṣeré, kí a fi í sílẹ̀. Ó ń di etí odò mú kí ọ̀gbàrá má baà wọ́ ọ lọ, kò sì sí ilé nítòsí rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni kí a ti gé ọ̀pá tí a óò fi pa àgọ́ ayẹyẹ. Owó tí ìgbìmọ̀ yà sọ́tọ̀ fún ọ̀ṣọ́ ọgbà, kí wọ́n fi gba òṣìṣẹ́ mẹ́fà láti oṣù kejìlá, kí wọ́n sì pa ìyókù mọ́ fún èéhù òjò tí ń bọ̀.