Ọmọ Ológbò Tó Ń Bì Lẹ́yìn Oúnjẹ: Ẹ Má Tíì Lé E Síta

Ọ̀rọ̀ ti oṣù yìí lè jọ ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ó kan ìmọ́tótó ilé wa, ó kan ẹní tí a fi ń kírun, ó sì kan ẹ̀mí ẹ̀dá tí Ọlọ́hun fi sí ìkáwọ́ wa.

Ọ̀pọ̀ ilé ló ń sin ológbò nítorí eku. Wọ́n á mú ọmọ ológbò wálé, wọ́n á fún un lóúnjẹ, á gbé e mì kíákíá, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi bì í sílẹ̀. Ẹnì kan á ní ọ̀kánjúà ló ń ṣe é. Ẹlòmíràn á ní ológbò ò ṣeé fọkàn tán, pé ọwọ́ àjẹ́ wà níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti lọ jù ú sí ọjà tàbí ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí.

Èrò tèmi ni pé ọ̀nà tí a gbà ń bọ́ ọ ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ikùn rẹ̀ kéré. Ẹni tó ń fún un lóúnjẹ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti jẹun alẹ́ tán, ti fi ebi pa á láti àárọ̀. Bí wọ́n bá wá jẹ́ mẹ́ta tó ń jẹ nínú abọ́ kan, èyí tó bá fà sẹ́yìn kò ní rí jẹ. Wọn ò ní rọra jẹ ẹ́, gbígbé ni wọ́n á máa gbé e mì tòun ti afẹ́fẹ́. Ikùn á kún lójijì, á sì dá a padà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí i pé oúnjẹ náà ò tíì dà, tí ọmọ ológbò ọ̀hún á sì tún fẹ́ padà jẹ ẹ́. Ebi nìyẹn, kì í ṣe àjẹ́.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé kí a má jẹun kún ikùn, kí a fi àyè sílẹ̀ fún omi àti èémí. Ẹranko ò mọ ẹ̀kọ́ yìí. Àwa tí a mọ̀ ọ́n la ó bá a ṣe é.

Ẹ pín oúnjẹ ọjọ́ kan sí ọ̀nà mẹ́rin, kí ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tíréè pẹrẹsẹ, tàbí kí ẹ gbé òkúta mímọ́ tó tóbi ju ẹnu rẹ̀ lọ sáàárín abọ́, kó lè máa ṣa oúnjẹ jẹ yí i ká. Bí wọ́n bá ju ẹyọ kan lọ, kí kálukú ní abọ́ tirẹ̀, kí abọ́ wọn sì jìnnà síra. Ẹja sísè tí a ti yọ egungun rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ má fi ata, iyọ̀ tàbí àlùbọ́sà sí i. Májèlé ni àlùbọ́sà jẹ́ fún ológbò. Omi mímọ́ ni kí ẹ gbé síwájú rẹ̀. Wàrà màlúù máa ń da inú ọ̀pọ̀ wọn rú. Bó bá ti bì, ẹ jẹ́ kó sinmi fún bíi wákàtí kan kí ẹ tó fún un ní díẹ̀ sí i. Ẹ má fi ebi pa á di ọjọ́ kejì.

Iṣẹ́ oògùn ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ èyí. Ẹ má fún ológbò ní oògùn èèyàn. Parasitamọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, 500 mg tí àgbàlagbà ń lò, tó láti pa á. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní ohun tí ẹ̀dọ̀ tiwa fi ń ka oògùn náà láyà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ kiri ara mọ́. Ẹ má sì rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Epo lè ṣìnà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Kì í ṣe gbogbo èébì ló wá láti ara ìwàǹwára. Bó bá ń bì léraléra, bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ tàbí aràn nínú rẹ̀, bí inú rẹ̀ bá wú, bó bá ń ṣu omi, bí kò bá jẹun, tàbí tó kàn ń sùn gbalaja, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lọ́jọ́ náà. Omi ara ọmọ ológbò kì í pẹ́ tán. Bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ le, ó nílò oògùn aràn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ní ti ìmọ́tótó, a gbọ́ ọ nínú hádíìsì pé Abu Qatadah tẹ abọ́ omi àlùwàlá rẹ̀ fún ológbò kó lè mu, ó sì ṣàlàyé pé Ànábì wa sọ pé ológbò kì í ṣe nájísì. Omi tó bá fẹnu kàn kò bàjẹ́. Èébì yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló kà á sí nájísì, nítorí náà ká fọ ibẹ̀ kí a tó kírun lórí rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́, ẹ kó o kúrò, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣan án, kí ẹ sì sá ẹní náà sóòrùn. Ẹ yẹra fún oògùn ìfọlẹ̀ tó máa ń funfun bíi wàrà nínú omi. Púpọ̀ nínú wọn léwu fún ológbò tó bá tẹ̀ ẹ́ tó sì lá ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí àwọn ọmọdé fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá bá a ṣeré.

Bukhari àti Muslim gba hádíìsì obìnrin tó wọ iná nítorí ológbò tó sé mọ́lé, tí kò fún un lóúnjẹ, tí kò sì jẹ́ kó jáde lọ wá tirẹ̀ jẹ. Ẹni tí kò bá lè bọ́ ológbò, kó má mú un wálé. Ẹni tó bá sì ti mú un wálé, àmánà ti dé ọrùn rẹ̀ nìyẹn. Kò gbọdọ̀ tìtorí èébì jù ú sí ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí fún àwọn ọmọ iléèwé kéwú láti máa sọ lókò.

Kí Ọlọ́hun fi àánú sí wa lọ́kàn. Àmín.