Ẹ̀yin Oníyọ̀, Ọ̀rọ̀ Yín Rèé

Ẹ̀yin ìyá wa, àwọn tó ń rìn kiri ní Slovenia nínú bọ́ọ̀sì kékeré, adágún omi Bled ni wọ́n kọ́kọ́ ń yà sí, láàárín òkè. Ọkọ̀ onígi pletna ló ń gbé wọn lọ sí erékùṣù; awakọ̀ á nàró, á máa fi àjẹ̀ méjì tù ú. Àtẹ̀gùn 99 ló wà níbẹ̀. Àṣà wọn ni kí ọkọ gbé ìyàwó gùn ún, kí ìyàwó má sì fọhùn. (Ẹ̀yin ọkùnrin, ṣé ẹ gbọ́?)

Ṣùgbọ́n Piran, létí òkun Adriatic, ló wù mí jù. Iyọ̀ ló sọ ọ́ di olówó nígbà tí Venice ń ṣàkóso rẹ̀, 1283 sí 1797. Ní Sečovlje, nítòsí ibẹ̀, wọ́n ṣì ń fọwọ́ kó iyọ̀. Wọ́n á da omi òkun sí kòtò pẹlẹbẹ, oòrùn á fà á gbẹ, wọ́n á fi igi wọ́ ọ jọ. Bí òjò bá dé lójijì, iyọ̀ yọ́, làálàá dòfo nìyẹn!

Ẹ tún gbọ́ o: láti January 1, 2023 ni Croatia ti wọ Schengen. Físà Schengen kan náà ló gbéni dé méjèèjì. Ẹni tó bá ní kí ẹ tún sanwó físà Croatia lọ́tọ̀, ẹ di àpò yín mú.