Ẹ Ka Àwọn Ọmọ Iṣẹ́ Náà Mọ́ Wa

"Òṣìṣẹ́ mélòó ló ń gba owó oṣù lọ́dọ̀ yín?" Ìbéèrè kẹtàlá nìyẹn nínú fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ tí mo ń bá bàbá wẹ́dà kan kọ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjoùn, ìpínlẹ̀ Ògùn. Bàbá ronú díẹ̀, ó ní, "Kò sí." Mo ní, "Bàbá, àwọn ọmọ mẹ́fà tí mo ń rí lọ́dọ̀ yín ńkọ́?" Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ìyá Ìbejì, ọmọ iṣẹ́ nìyẹn. Ta ló ń san owó oṣù fún ọmọ iṣẹ́?"

Mo bá tẹ òdo síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò jẹ́ ká lọ síwájú mọ́. Ó fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ pé ẹni tí kò ní òṣìṣẹ́ kò lè tọrọ owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́. A pa òdo rẹ́, a kọ mẹ́fà, ó sì gbà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ́n kọ̀wé sí wa pé ká fi ìwé owó oṣù àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ránṣẹ́, pẹ̀lú ẹ̀rí pé à ń dá owó ìfẹ̀yìntì fún wọn. Owó ìfẹ̀yìntì! Èyí tó kéré jù nínú wọn kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ìyàwó bàbá ló ń se oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, nítorí mo ti gba ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lọ́wọ́ rẹ̀ fún fọ́ọ̀mù náà.

Mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì tó ni fọ́ọ̀mù. Kò yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ àti fọ́tòkọ́pì ni mo ń ṣe jẹun. Kọ̀ǹpútà méjì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan. Ìtòsí ààlà la wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì níhìn-ín dà bí ìyàwó tó ní ọkọ méjì: mo lè jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kí fóònù máa kí mi káàbọ̀ sí orílẹ̀-èdè Benin. Láti ọdún 2020, mo ti bá oníṣẹ́ ọwọ́ mọ́kànlélógún kọ fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ lóríṣiríṣi: wẹ́dà, télọ̀, káfíńtà, onídìrí, mekáníìkì ọ̀kadà, àwọn ìyá tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Mo ní ìwé àkọsílẹ̀ tí mo kọ orúkọ gbogbo wọn sí. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó rí kọ́bọ̀ gbà.

Bí mo bá ní ẹ̀bi ọ̀hún kò sí lọ́wọ́ tiwa rárá, irọ́ ni. Orúkọ tí àwọn méjì fi gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN yàtọ̀ sí èyí tó wà ní báńkì. Ẹnìkan wà tó jẹ́ pé èmi gan-an ni mo ṣi nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ tẹ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè owó oṣù yẹn ló lé àwọn tó pọ̀ jù padà, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ibi tó ti wá.

Ọdún 1971, nígbà ìjọba Gowon, ni wọ́n ṣe òfin kẹtàdínláàádọ́ta ọdún náà, òun ló bí Industrial Training Fund, tí a mọ̀ sí ITF, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jọ́ọ̀sì. Bí ètò náà ṣe ń lọ kò le. Ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè, tàbí tí òwò rẹ̀ lọ́dún bá tó àádọ́ta mílíọ̀nù náírà bí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ tó márùn-ún, yóò yọ náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó san lọ́dún, yóò kó o fún ITF. Bó bá wá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní nǹkan tuntun, tó sì fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn, ó lè gbà tó ìdajì owó tó san padà. Ọdún 2011 ni wọ́n tún òfin náà ṣe báyìí. Tẹ́lẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sókè ni wọ́n ń bá wí.

Mi ò bá òfin yìí jà. Ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì tó wà ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa tiwa yìí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012 pẹ̀lú agbára mílíọ̀nù mẹ́fà tọ́ọ̀nù lọ́dún, ní akọ̀wé tó lè jókòó ti fọ́ọ̀mù láti àárọ̀ dalẹ́. Kó rí owó rẹ̀ gbà padà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀yìn tírélà bá já lójú ọ̀nà, tí awakọ̀ sì ń wá ẹni tí yóò bá a jó irin náà pọ̀, ọ̀dọ̀ ta ni wẹ́dà tó máa dé ibẹ̀ ti kọ́ṣẹ́? Ọ̀dọ̀ ọ̀gá bíi bàbá yìí ni. Òun kò san owó oṣù, nítorí náà kò sí nínú ìṣirò, ọmọ mẹ́fà tó ń kọ́ kò sì sí nínú ìṣirò. Owó oṣù ni òfin fi ń mọ ẹni tó ń kọ́ ènìyàn níṣẹ́. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kì í gba owó oṣù, òbí rẹ̀ tilẹ̀ lè jẹ́ ẹni tí yóò san owó fún ọ̀gá. Gbogbo àwọn tó ń ṣe fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ lẹ́yìn ìgbà náà kàn ń da ìbéèrè yẹn kọ ni, bí ọmọ tó ń wo ìwé ẹni tó jókòó tì í.

Ìbéèrè míì tún wà tí mi ò lè gbàgbé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ga, mo kàn sọ ọ́ fún bàbá ní Yorùbá pé, "Wọ́n ní bí owó àwọn bá tán, báwo lẹ ṣe máa ṣe é tí ẹ̀kọ́ náà ò fi ní dúró?" Kò ronú rárá. Ó ní, "Bí mo bá kú lálẹ́ òní, àgbà ọmọ iṣẹ́ mi á ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọ̀la. Ó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ó mọ oníbàárà tó jẹ wá lówó, ó mọ èyí tí a jẹ." Mo jókòó, mo wo ojú kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń gba owó nílé ìpàdé ní Abújà fún kíkọ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kò lè kọ ọ́ tó báyìí. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kò sì ju igba ọ̀rọ̀ lọ, Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ìgbà tí mo fi máa yí ọ̀rọ̀ bàbá sí Gẹ̀ẹ́sì tán, ó ti le bí ẹ̀bà àná.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé owó ló wọ́n. Ní 2020, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí igba mílíọ̀nù dọ́là fún ètò tí wọ́n ń pè ní IDEAS, apá kan rẹ̀ sì wà fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ní 2025, Ilé Iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ètò Ẹ̀kọ́ náà gbé ètò ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ jáde, pẹ̀lú owó díẹ̀ lóṣooṣù fún akẹ́kọ̀ọ́. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tó kan ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá, oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún un. Oṣù mẹ́fà! Bàbá ní òun kì í jẹ́ kí ọmọ jó irin oníbàárà kó tó pé oṣù mẹ́jọ. Bóyá àṣejù wà níbẹ̀ náà o. Mo mọ ọ̀gá tó jẹ́ pé odidi ọdún kan ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ń fọ aṣọ ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́ṣẹ́. Síbẹ̀, ọdún mẹ́ta ni a mọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wẹ́dà sí níhìn-ín, ẹni tó bá sì fi oṣù mẹ́fà kọ́ ọ, èmi ò ní jókòó lórí àga tó bá jó.

Ohun tí mo ń sọ kì í ṣe tuntun. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá National Directorate of Employment (NDE) sílẹ̀ ní 1986, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n fi àwọn ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, wọ́n sì ń fún ọ̀gá àti ọmọ ní owó díẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fi ṣe ilé ẹ̀kọ́. Wọn kò bèèrè ìwé owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ má sì jẹ́ ká lọ jìnnà. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa wà ní Kétu àti Pọ́bẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin, ọjà kan náà là ń ná. Lọ́hùn-ún, wọ́n ti dá àpò kan sílẹ̀ láti 1999 fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́, FODEFCA ni wọ́n ń pè é, lára owó tí àwọn ilé iṣẹ́ ń san lórí owó oṣù ni wọ́n sì ti ń bu sínú rẹ̀. Kò sí ohun tó fi yàtọ̀ sí ITF dé ibẹ̀ yẹn. Ibi tí wọ́n ti gbọ́n jù wá lọ ni pé ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lè lọ tọrọ owó níbẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn. Ọmọ tó bá gbọ́ Faransé yóò wà lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, yóò máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, yóò sì gba ìwé ẹ̀rí CQP lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Èyí tí kò kàwé ní CQM tirẹ̀: wọ́n á dán iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò, wọ́n á sì bi í léèrè ní èdè ìbílẹ̀. Ní Kétu, Yorùbá nìyẹn. Ìjọba tó ń fi Faransé ṣèjọba ń fi Yorùbá dán ọmọ wẹ́dà wò, àwa tí Yorùbá pọ̀ lọ́dọ̀ wa bí eèrà ń fi Gẹ̀ẹ́sì bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ bàbá tó ti lo ogójì ọdún nídìí iná.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n á ní bí ìjọba bá ń ka ọmọ iṣẹ́, a ó kó gbogbo ọmọ àdúgbò jọ, a ó wọ ẹ̀wù iṣẹ́ fún wọn, a ó ya fọ́tò. Òótọ́ ni, a mọ ara wa. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣòro láti fi purọ́ ní ìlú kékeré bí ọmọ iṣẹ́. Ọjọ́ tó wọṣẹ́, òbí rẹ̀ tẹ̀ lé e lọ, wọ́n kọ ìwé àdéhùn, onídùúró fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tó bá ṣe fírídọ̀mù, ìrẹsì á jinná, ẹgbẹ́ á pé, a ó gbàdúrà sórí irinṣẹ́. Alága ẹgbẹ́ wẹ́dà mọ iye ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá kọ̀ọ̀kan, nítorí orí ọmọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń gba owó ẹgbẹ́. Ẹ bi í. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ péye ju ti tèmi lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ ní Ayétòrò, ẹ̀yin aṣòfin tí ẹ máa ń wá kí wa nígbà ìbò, mi ò ní kí ẹ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tuntun fún wa. Ẹ fi òṣìṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí Ìjoùn lọ́jọ́ ọjà, kó gbé tábìlì kalẹ̀, kó máa gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọ̀gá ní Yorùbá, kó sì fi ojú ara rẹ̀ rí ọmọ iṣẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ bá wa yọ ìbéèrè owó oṣù kúrò nínú fọ́ọ̀mù tó bá kan oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ fi "Ọmọ iṣẹ́ mélòó lẹ ń kọ́, mélòó lẹ ti dá sílẹ̀?" rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ gba ìwé NIN fún ọmọ kí ẹ tó mú un lọ sẹ́nu iṣẹ́, orúkọ tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ sì fi ṣí àkáǹtì rẹ̀.

Ọmọ mẹ́tàlá ni bàbá wẹ́dà ti dá sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù míì tún ti jáde, ó ń bọ̀ wá bá mi lọ́jọ́ Ajé. Mo ti sọ fún un pé kó má mú owó wá.