Ẹ̀yin Ìyá Ìkókó, Òwú Tín-ín-rín Ni Kí Ẹ Fi Hun Aṣọ Ọmọ!

Aṣọ tí a ń fi ọwọ́ hun fún ọmọ jòjòló ni ọ̀rọ̀ wa l'ọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ wo ìkókó n'íbi ìkómọ, n'ínú ooru ọ̀sán gangan: súwẹ́tà t'ó nípọn l'ọ́rùn, fìlà l'órí, ṣọ́ọ̀lù t'ó wúwo l'órí gbogbo rẹ̀. Ọmọ ń ké, òógùn ń bò ó, wọ́n ní ebi l'ó ń pa á. Ebi kọ́ o jàre, ooru ni! Ara ọmọ tuntun kò tíì lè lé ooru jáde bíi ti àgbà. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Tí ẹ bá d'ọ́jà, ẹ má kàn bèèrè wúùlù. Gbogbo òwú híhun l'à ń pè ní wúùlù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ n'ínú wọn kò mọ àgùntàn rí. Acrylic ni, ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti ṣe é. Kì í fa òógùn, bí iná bá sì kàn án, yóò yọ́ mọ́ ọmọ l'ára. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀gbọ̀n òwú ran l'ó dára jù fún ooru wa. Bí kò bá sí ìwé l'ára rẹ̀, ẹ já díẹ̀, kí ẹ ṣáná sí i n'íta. Òwú gidi a rùn bí ìwé t'ó ń jó, irun àgùntàn a rùn bí irun orí t'ó jó, acrylic a yọ́, a sì di kókó líle.

Bí ìwé bá wà l'ára rẹ̀, ẹ wo mítà t'ó wà n'ínú 50 gíráàmù. Òwú t'ó nípọn díẹ̀, tí wọ́n ń pè ní double knitting, a máa tó nǹkan bíi 120 mítà. 4-ply a tó 170 sí 200. Òwú 2-ply tí a fi ń hun iṣẹ́ bíi léèsì lè tó 400. Bí mítà bá ṣe ń pọ̀ sí i l'òwú ṣe ń tín-ín-rín sí i. Ẹ ra gbogbo rẹ̀ l'ẹ́ẹ̀kan, kí nọ́ńbà aró wọn bára mu.

Abẹ́rẹ́ ńkọ́? Fún 4-ply, nọ́ńbà 10 àtijọ́, ìyẹn mílímítà 3.25, dára. Ẹ rántí pé n'ínú nọ́ńbà àtijọ́, bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó l'abẹ́rẹ́ ṣe tín-ín-rín tó. Ti mílímítà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ hun igun mẹ́rin kékeré, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Bí ó bá le gan-an, ẹ lo abẹ́rẹ́ t'ó tóbi jù ú lọ, kí atẹ́gùn lè gba àárín ojú iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ l'àwọn obìnrin erékùṣù Shetland, l'ókè Scotland, ṣe ń hun ṣọ́ọ̀lù ńlá tí a lè fà gba inú òrùka ìyàwó já.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o! Ojú iṣẹ́ t'ó ṣí sílẹ̀ kò dára fún ìbọ̀sẹ̀ àti ìbọ̀wọ́. Fọ́nrán òwú kan ṣoṣo tí a kò fi pamọ́ dáadáa lè wé mọ́ ọmọ ìka, kí ẹ̀jẹ̀ má dé ibẹ̀ mọ́. Ìka náà a wú, a pọ́n, a sì lè bàjẹ́ pátápátá. Igbe nìkan l'ọmọ mọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ gé gbogbo fọ́nrán. Bí ọmọ bá ń ké tí ẹ kò mọ ìdí, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ẹ wo ìka kọ̀ọ̀kan. Bí òwú bá ti wé mọ́ ọn tí kò tètè tú, ilé ìwòsàn ni kíá.

Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ l'à ń fi òwú tín-ín-rín ṣe. Ọlọ́run yóò wo ọmọ wa fún wa. Ó di ọ̀sẹ̀ t'ó ń bọ̀.