Ẹ Wọn Àga Kí Ẹ Tó Ra Aṣọ Rẹ̀

Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́lé, kì í ṣe ara nìkan ni a ń dá aṣọ fún. Ọkọ̀ náà a máa gba tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò ti Ìmọ̀ta gbéra lọ sí Ìkòròdú láti wá aṣọ àga ọkọ̀. Òun ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí pé aṣọ yìí lè ṣe ọkọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, ó sì tún lè dí ohun tí ì bá gba ẹ̀mí ọmọ là.

Àwọn àgbà ní ẹ̀wù àyálò kò yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún un lápá, a ṣò ó lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni aṣọ àga tí wọ́n rán sílẹ̀ fún gbogbo ọkọ̀. Mo mọ ìyá kan tí ó ra irú rẹ̀ nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ wù ú. Aṣọ náà bo ibi tí a ń ki bẹ́líìtì bọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, àwọn ọmọ sì ń jókòó lásán fún oṣù mẹ́ta kí bàbá wọn tó fura. Ẹ ò rí i pé ẹ̀tẹ̀ ni a fi sílẹ̀ tí a ń pa làpálàpá? Láti ọdún 1959 tí Nils Bohlin, ará Swídìn, ti ṣe bẹ́líìtì tí ń gba èjìká àti ìbàdí mú fún ọkọ̀ Volvo, ẹ̀mí tí ó ti gbà là kò lóǹkà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n rán an bá àga yín mu. Ẹ má kàn sọ pé "Camry" ni. Àga Big Daddy, ti 2002 sí 2006, kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti Muscle tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2007. Ẹ gbé ọkọ̀ dé iwájú aránṣọ kí ó fi tépù wọ̀n ọ́n. Bí àga ẹ̀yìn bá pín sí méjì, kí aṣọ rẹ̀ pín bẹ́ẹ̀. Lẹ́dà rọrùn láti nù bí ọmọ bá tọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó ń gbóná nínú oòrùn. Aṣọ híhun kì í gbóná tó o, ṣùgbọ́n ó ń fa omi. Ẹ máa bọ́ ọ fọ̀, kí ẹ sá a gbẹ dáadáa kí ó má hu èbu.

Ibi tí ọ̀ràn wà gan-an nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayé òde òní, àpò afẹ́fẹ́ kan wà nínú ẹ̀gbẹ́ àga iwájú, níhà ilẹ̀kùn. Bí ọkọ̀ mìíràn bá kọ lù yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, àpò yìí a ya ojúrán àga jáde, a wú kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, a sì di ìrọ̀rí láàárín ara àti ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ti rán lẹ́dà líle bò ó, kò ní rí ọ̀nà jáde bí ó ti yẹ. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ àga: bí ẹ bá rí àkọlé kékeré "AIRBAG" tàbí "SRS", ẹ sọ fún aránṣọ kí ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Kí ó má sì fi fóòmù kún àga iwájú, nítorí ohun kan wà nínú àga ọkọ̀ mìíràn tí ń mọ ìwúwo ẹni tí ó jókòó. Fóòmù lè ṣì í lọ́nà.

Ní ọjọ́ tí ẹ ó wọ̀ ọ́ fún àga, ẹ kọ́kọ́ yọ ibi tí a ń gbé orí lé. Ẹ fà á wọ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, kí ẹ sì ki etí rẹ̀ bọ àárín ẹ̀yìn àti ìdí àga. Ẹ yọ gbogbo ojú bẹ́líìtì síta. Bí ẹ bá ń so okùn lábẹ́ àga, ẹ má fi ìkọ́ kankan kọ́ wáyà aláwọ̀ òféefèé, nítorí ti àpò afẹ́fẹ́ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ ti àga síwá, ẹ fà á sẹ́yìn, kí ẹ rí i pé kò há. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún okùn rẹ̀ fà kí ó le.

Ẹ̀yin ìyá, kí ẹ tó san owó, ẹ jókòó lórí àga kọ̀ọ̀kan, kí ẹ de bẹ́líìtì rẹ̀. Èyí tí kò bá ṣeé dè, ẹ dá a padà. Kí Ọlọ́hun kí ó máa ṣọ́ wa ní àlọ àti àbọ̀. Ó dìgbà kan ná.