Ààbọ̀ Ara Kò Gbọdọ̀ Di Ààbọ̀ Ẹ̀kọ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ẹ̀dá ní oríṣiríṣi ìrísí, tí ó sì ń fi ìmọ̀ gbé ẹni tí ó bá wù Ú ga. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad (SAW), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, bí a bá kírun Jímọ̀ tán ní GRA Ìkẹjà, ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀ wo ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. A ó rí afọ́jú, a ó rí arọ, a ó sọ náírà sínú igbá wọn, a ó sì rò pé a ti san ẹ̀tọ́ wọn. Ní GRA yìí kan náà ni ilé ìwòsàn LASUTH àti ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà. Ta ni nínú wa tí ó ti bi ọ̀kan nínú wọn rí bóyá ìwé wù ú láti kà?

Àwọn kan a máa sọ pé ẹni tí ó ń gba ìrànwọ́ nítorí ààbọ̀ ara kò yẹ ní Yunifásítì. Pé bí ó bá lè kàwé, ó lè ṣiṣẹ́, kí wọ́n gba ìrànwọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè fò wọ dáńfó láti Agége, tí ó ní láti wọ takisí lójoojúmọ́, ìnáwó rẹ̀ kò lè dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé. Ìgbà tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gan-an ni ó nílò ìrànwọ́ jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ní owó àkànṣe fún irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì ní dá a padà.

Níbo ni tiwa dé? Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó lórí àwọn àkàndá ẹ̀dá jáde ní 2011, òun ni ó bí ọ́fíìsì LASODA. Ti ìjọba àpapọ̀ ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019. Òfin yìí sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ fún wọn títí dé ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì, ó sì fúnni ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà sí àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò. Ọdún 5 náà pé ní 2024. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ gíga ni ọ̀fẹ́ yẹn dúró sí. Ní 2024 bákan náà ni ẹ̀yáwó NELFUND bẹ̀rẹ̀. Kò ní èlé, nítorí náà kò sí ìbẹ̀rù ríbà níbẹ̀. Síbẹ̀, gbèsè ni, kì í ṣe ìrànwọ́.

Ẹ rántí Abdullahi bin Ummi Maktum, afọ́jú tí Súrà Abasa sọ̀ kalẹ̀ nítorí rẹ̀. Kì í ṣe sàráà ni ó wá tọrọ lọ́dọ̀ Ànábì. Ìmọ̀ ni ó wá gbà. Lẹ́yìn náà ó di apèrun, Ànábì sì fi í ṣe adelé ní Mẹ̀dínà. Kálífà Walid bin Abdul-Malik náà fún àwọn aláàbọ̀ ara ní owó, ó sì yan afinimọ̀nà fún afọ́jú, kí wọ́n má baà ṣagbe. Ní àsìkò tiwa, Sheikh Abdul-Aziz bin Baz, tí ojú rẹ̀ fọ́ nígbà ọ̀dọ́, ni ó jẹ́ Mùfútì àgbà ilẹ̀ Saudi láti 1993 títí tí ó fi kú ní 1999.

Nítorí náà, kí ìjọba tẹ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà dé ilé ẹ̀kọ́ gíga. Kí àwọn mọ́ṣáláṣí wa ní Ìkẹjà àti Agége yọ lára sàkà fún akẹ́kọ̀ọ́ aláàbọ̀ ara tí ó jẹ́ aláìní, kí wọ́n sì tún àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà wọn ṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ yọ̀ǹda wákàtí díẹ̀ láti ka ìwé sí afọ́jú létí. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kàn, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní LASODA, ẹ má tijú. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ara rẹ̀ pé má ṣe díbọ́n láti jẹ níbẹ̀, nítorí Ọlọ́hun ń wò wá.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí Ọlọ́hun má sọ ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí wa di òpin ìrìn àjò ẹnikẹ́ni. Àmín.