Páásìwọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe ohun tó yẹ kó máa ti ọwọ́ dé ọwọ́

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní Festac Town àti káàkiri Amuwo-Odofin ni kì í tajà nínú ṣọ́ọ̀bù nìkan mọ́. Wọ́n ń polówó lórí Instagram àti Facebook, ìmeèlì ni wọ́n sì fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Àmọ́ páásìwọ́ọ̀dù kan náà ni ọ̀gá, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ iṣẹ́ sábà máa ń lò, orí WhatsApp ni wọ́n sì ti ń fi í ránṣẹ́ síra wọn. Lọ́jọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá gbòmìnira tàbí tó bínú lọ, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù nìkan ló máa dá padà. Páásìwọ́ọ̀dù ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ó yẹ kí ará Festac mọ ewu èyí ju ẹlòmíì lọ. Àdúgbò yìí, tí wọ́n kọ́ nítorí àjọ̀dún FESTAC ọdún 1977, ni ìwé ìròyìn Los Angeles Times gbé jáde lọ́dún 2005, nítorí àwọn ọmọ Yahoo tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì lu jìbìtì níbẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò ní í ráyè wọ̀ ọ́.

Àwọn ètò tó ń tọ́jú páásìwọ́ọ̀dù, bíi Bitwarden, 1Password àti KeePass, lè dí ògiri ọ̀hún. Wọ́n á kó gbogbo ẹ̀ sínú àpótí kan, tí páásìwọ́ọ̀dù àgbà kan ṣoṣo ń ṣí. Ẹni tó dá wà lè lo KeePass tàbí Bitwarden lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ti ìdílé tàbí ti ṣọ́ọ̀bù yàtọ̀: èyí tí kálukú ti ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, tí ọ̀gá sì lè yọ ẹni tó bá lọ, ló yẹ kí wọ́n mú, bí wọ́n tiẹ̀ máa sanwó. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo páásìwọ́ọ̀dù tí ẹni náà ti rí.

Bí olè bá wá gbé àpótí ọ̀hún ńkọ́? Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Lọ́dún 2022, wọ́n jí ẹ̀dà àpótí àwọn oníbàárà LastPass kó. Títì ni páásìwọ́ọ̀dù inú ẹ̀ wà, àmọ́ ẹni tí páásìwọ́ọ̀dù àgbà tiẹ̀ rọrùn láti mọ̀ ló wà nínú ewu jù lọ. Nítorí náà, orúkọ ọmọ tàbí ọjọ́ ìbí kò tó. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bára tan ló dáa. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n fi pa mọ́ sáàárín ìwé ilé, nítorí bí wọ́n bá gbàgbé ẹ̀, iléeṣẹ́ tó ṣe àpótí náà lè má rí i ṣí.

Kò sí oníṣòwò tó ń kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù fún gbogbo ẹni tó bá wá kí i. Páásìwọ́ọ̀dù náà, kọ́kọ́rọ́ ni.